Ìṣirò ìjábọ́ lábẹ́ òòfà ilẹ̀ pẹ̀lú ìyára ìbẹ̀rẹ̀

Ìjábọ́ lábẹ́ òòfà ilẹ̀ ni ìrìn ohun tí kò sí agbára mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ yàtọ̀ sí òòfà ilẹ̀. Òkúta tí a jù sókè ti bọ́ sínú irú ìrìn yìí láti ìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń gòkè. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí òkúta tí a kàn jọ̀wọ́ rẹ̀ ni ìyára ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìyára tó ti wà lára rẹ̀ ní àkókò tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìyára dúró fún bí nǹkan ṣe ń sáré tó pẹ̀lú apá ibi tó kọjú sí. Eré dúró fún iye rẹ̀ nìkan.

Ohun tí òòfà ń ṣe sí ìyára

Nítòsí ilẹ̀, òòfà máa ń fi nǹkan bí mítà 9.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yí ìyára ohunkóhun padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà g ni a fi ń dúró fún iye yìí, a sì ń kọ ọ́ báyìí: 9.8 m/s² (m ni mítà, s ni ìṣẹ́jú àáyá, m/s sì ni mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ohun tó ń gòkè ní 20 m/s yóò ṣẹ́ kù sí 10.2 m/s lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sì di 0.4 m/s lẹ́yìn méjì. Nígbà tí yóò bá fi pé mẹ́ta, ó ti yí padà, ó ń bọ̀ nílẹ̀ ní 9.4 m/s. Kò sí ibì kankan lójú ọ̀nà yìí tí òòfà ti sinmi.

Iye g kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ó jẹ́ nǹkan bí 9.78 ní ìlà agbedeméjì ayé, ó sì tó 9.83 ní ṣóńṣó ayé ní àríwá àti gúúsù. Ní ọdún 1901, àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n fi 9.80665 m/s² ṣe òdiwọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ìṣirò, 9.8 ti tó. Àwọn ìwé kan ń lo 10 kí iṣẹ́ lè rọrùn; èyí kò burú, àmọ́ ẹni tó bá fi 10 bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 10 parí.

Ìwúwo kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ti ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1638. Ní 1971, David Scott tó wà lára àwọn tó gun ọkọ̀ Apollo 15 jọ̀wọ́ òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan náà lórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, àwọn méjèèjì sì balẹ̀ pọ̀. Iye g níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.62 m/s², gbogbo ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí ló bá ibẹ̀ mu, bí a bá ti pààrọ̀ iye náà.

Àmì àti ìdọ́gba

Kí a tó kọ nọ́mbà kankan sílẹ̀, a ní láti mú apá kan tí yóò gba àmì ìròpọ̀. Níhìn-ín, òkè ni a mú. Nítorí náà, ìyára ohun tó ń gòkè gba (+), ti ohun tó ń já bọ̀ gba (−), òòfà sì ń jẹ́ −9.8 nígbà gbogbo, yálà nǹkan náà ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìpinnu yìí kò gbọ́dọ̀ yí padà láàárín ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó ń ṣì lórí kókó yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì.

Ìdọ́gba mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ náà:

v = v₀ − gt
y = y₀ + v₀t − ½gt²
v² = v₀² − 2g(y − y₀)

v₀ ni ìyára ìbẹ̀rẹ̀, v ni ìyára lẹ́yìn àkókò t, y₀ ni gíga tí nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀, y sì ni gíga tó wà lẹ́yìn àkókò t. Láti mọ èyí tí a ó lò, ká wo ohun tí wọn kò fún wa tí wọn kò sì béèrè. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ àkókò níbẹ̀, ìdọ́gba kẹta ni. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ ìyára ìkẹyìn, ìkejì ni. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ gíga, ìkínní ni.

Bọ́ọ̀lù láti orí òrùlé

Ẹnì kan dúró sórí òrùlé tó ga ní mítà 25, ó ju bọ́ọ̀lù sókè ní 15 m/s, bọ́ọ̀lù náà sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé já bọ́ sílẹ̀. Bí a bá pe ilẹ̀ ní òdo, y₀ = 25, v₀ = +15.

Ní òkè téńté, v = 0. Ìdọ́gba kìn-ín-ní fún wa ní t = 15 ÷ 9.8 = 1.53 s. Ìkẹta sọ pé ó fi 225 ÷ 19.6 = mítà 11.48 ga ju òrùlé lọ, ìyẹn mítà 36.48 sí ilẹ̀.

Fún àkókò tó balẹ̀, àwọn kan máa ń gé ìrìn náà sí méjì: àkókò ìgòkè lọ́tọ̀, àkókò ìsọ̀kalẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n tó rò wọ́n pọ̀. Ìdáhùn yóò bọ́ sí i, ṣùgbọ́n wàhálà tí kò pọn dandan ni. Ìrìn kan ṣoṣo ni, ìdọ́gba kan ló kárí rẹ̀. A fi y = 0 sínú ìdọ́gba kejì, a sì fi ìlànà t = (−b ± √(b² − 4ac)) ÷ 2a yanjú rẹ̀, níbi tí a = 4.9, b = −15, c = −25:

0 = 25 + 15t − 4.9t²
4.9t² − 15t − 25 = 0
t = (15 ± √(225 + 490)) ÷ 9.8 = (15 ± 26.74) ÷ 9.8

Ìdáhùn méjì jáde: 4.26 s àti −1.20 s. Ti àkọ́kọ́ ni a ń wá. Èkejì náà ní ìtumọ̀, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n. Bí a bá ju bọ́ọ̀lù kan sókè láti ilẹ̀ ní 26.74 m/s, ní 1.20 s ṣáájú, yóò gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé kọjá pẹ̀lú 15 m/s gẹ́lẹ́ ní àkókò òdo, ọ̀nà rẹ̀ yóò sì bá ti bọ́ọ̀lù wa mu láti ibẹ̀ lọ. Ìṣirò kò mọ̀ pé orí òrùlé ni bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Àwa la mọ̀ ọ́n, àwa la sì gbọ́dọ̀ yan ìdáhùn tó bá a mu.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. 26.74 tó jáde lábẹ́ àmì gbòǹgbò ni eré bọ́ọ̀lù náà nígbà tó kan ilẹ̀. Ìdọ́gba kẹta jẹ́rìí sí i: v² = 225 + 19.6 × 25 = 715. Nítorí pé bọ́ọ̀lù ń já bọ̀, a ó kọ v = −26.74 m/s. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù náà sísàlẹ̀ ní 15 m/s dípò òkè, eré kan náà ni yóò fi balẹ̀, ṣùgbọ́n 1.20 s péré ni yóò lò.

Ìyára ìbẹ̀rẹ̀ tó fara pamọ́

Nígbà mìíràn ìbéèrè kì í dárúkọ ìyára ìbẹ̀rẹ̀. Bàlúùnù ńlá kan ń gòkè ní 6 m/s. Nígbà tó wà ní mítà 80 sí ilẹ̀, àpò iyanrìn kan já kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà «já» lè mú kí èèyàn kọ v₀ = 0. Àpò náà ti ń bá bàlúùnù gòkè, nítorí náà v₀ = +6. Yóò kọ́kọ́ fi mítà 1.84 gòkè sí i kó tó yí padà. Fún àkókò tó balẹ̀, a tún fi y = 0 sínú ìdọ́gba kejì:

4.9t² − 6t − 80 = 0
t = (6 + √1604) ÷ 9.8 = 4.70 s

Ẹni tó fi òdo sí ipò v₀ yóò gba 4.04 s, èyí tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún òkúta tó já láti ibi tí a kò rí, tó sì gba iwájú fèrèsé tó ga ní mítà 1.5 kọjá láàárín 0.2 s. Orí fèrèsé ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Níhìn-ín, yóò rọrùn bí a bá fún ìsàlẹ̀ ní àmì ìròpọ̀: 1.5 = 0.2v₀ + 4.9 × 0.04, tó fún wa ní v₀ = 6.52 m/s. Òkúta tí a jọ̀wọ́ láti ìdúró ní láti já fún 6.52² ÷ 19.6 = mítà 2.17 kó tó ní irú ìyára yìí, nítorí náà ibi tó ti já fi mítà 2.17 ga ju orí fèrèsé lọ.

Ibi tí ìṣirò ti ń ṣì

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn rò pé òòfà di òdo ní òkè téńté nítorí pé ìyára di òdo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù ì bá dúró sójú ọ̀run. Òmíràn ni fífi v = 0 sí àkókò tí nǹkan kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ló dá a dúró, ìdọ́gba wa sì parí kí ilẹ̀ tó fọwọ́ kàn án. Eré tí wọ́n fi kìlómítà ní wákàtí kan sọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan: a ó fi 3.6 pín in, kí 54 km/h di 15 m/s.

Ẹ̀rọ ìṣirò náà ní tirẹ̀. Ẹni tó tẹ −15² láìsí àmì àkámọ́ yóò rí −225 dípò 225. Nínú ìṣirò òrùlé, èyí yóò mú kí àkókò jẹ́ 3.19 s, nọ́mbà tó dára lójú tí kò sì tọ̀nà. Dídá ìdáhùn padà sínú ìdọ́gba ló ń tú u fó: 25 + 15 × 3.19 − 4.9 × 3.19² jẹ́ nǹkan bí mítà 23, nígbà tó yẹ kó jẹ́ òdo.

Afẹ́fẹ́

Àwọn ìdọ́gba yìí gbà pé kò sí afẹ́fẹ́ tó ń dá nǹkan dúró. Fún òkúta tàbí bọ́ọ̀lù irin tó já láti mítà díẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ kéré gan-an. Bí eré bá ń pọ̀, tàbí bí nǹkan bá fúyẹ́ tó sì fẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fà á sẹ́yìn: kò ní ga tó bí ìṣirò ṣe sọ, àkókò tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ á sì gùn ju èyí tó fi gòkè lọ. Nígbẹ̀yìn, eré rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i mọ́. Ẹ̀kán òjò tó já láti mítà 1,000 yẹ kó balẹ̀ ní 140 m/s lójú ìdọ́gba kẹta. Ẹ̀kán òjò ńlá kì í ju nǹkan bí 9 m/s lọ.