Köln létí odò Rhine: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ohun tó ń rú àlejò lójú

Köln, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Cologne, wà ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì. Odò Rhine là á sí méjì: ìlú àtijọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn, Dom, wà lápá òsì odò, Deutz sì wà lápá ọ̀tún. Ìlú tó rọrùn láti fẹsẹ̀ rìn ni. Ohun tó ń ná àlejò lówó níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa dá a dúró kó tó ṣàṣìṣe. Kò sí géètì, kò sí kọ̀ńdọ́ tó ń pariwo. Ẹni tó bá mọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ń sanwó rẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, pàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní. Ṣé ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì tó mi wọ Jámánì?

Kò tó o. Físà Schengen, tí Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, lẹ máa gbà. Yúróò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìbánigbófò ìrìn àjò tó lè gbé owó ìtọ́jú tó tó 30,000 yúróò, ẹ sì lè mú ìwé sílẹ̀ láti oṣù 6 sí ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ má dúró di ọjọ́ 15 yẹn, nítorí wọ́n lè fa ìdáhùn dé ọjọ́ 45. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé orílẹ̀-èdè méjì tàbí mẹ́ta, ibi tẹ́ ẹ ti máa sùn jù lẹ máa gba físà lọ́wọ́ wọn.

Frankfurt ni mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo wọ rélùwéè lọ sí Köln, àmọ́ n kò rí odò Rhine títí mo fi dé. Kí ló dé?

Ọ̀nà tuntun lẹ gbà. Láti ọdún 2002 ni ICE, rélùwéè tó ń sáré jù, ti ní irin tirẹ̀ láàárín Frankfurt àti Köln. Inú òkè ló gbà, ihò abẹ́ òkè sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ó ń sáré dé 300 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì ń débẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan.

Ẹni tó bá fẹ́ rí odò ní láti gba ojú irin àtijọ́: Mainz, Bingen, Koblenz, Bonn, kó tó dé Köln. Ó ń gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀. Láàárín Bingen àti Koblenz, nǹkan bíi kìlómítà 65, ni àfonífojì tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé lọ́dún 2002: ilé olódi lórí òkè, ọgbà àjàrà lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Mainz, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí, nítorí òsì odò ni irin náà gbà. A ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ní ààyè nímọ̀ràn pé kó torí wákàtí kan ààbọ̀ tó máa jèrè wọ ICE.

Tíkẹ́ẹ̀tì mi sọ pé “Köln Messe/Deutz”. Ṣé ibẹ̀ náà ni Köln?

Köln ni, àmọ́ òdìkejì odò ni. Ibùdó ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ Dom ni Köln Hbf. Rélùwéè tó bá ti Frankfurt lọ sápá àríwá máa ní láti gorí afárá wọ Hbf, kó tún gorí afárá kan náà padà. Afárá ọ̀hún sì ti kún, torí náà àwọn ICE kan kì í wọ Hbf rárá. Lábẹ́ Deutz, lójú irin 11 àti 12, ni wọ́n ti ń dúró.

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ síbẹ̀, ẹ wọ S-Bahn, rélùwéè inú ìlú àti àyíká rẹ̀, ibùdó kan péré ni sí Hbf, tàbí kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ gba orí afárá Hohenzollern, bí ìṣẹ́jú 15. Afárá yìí ni àwọn sójà Jámánì fúnra wọn fi bọ́ǹbù wó lóṣù kẹta ọdún 1945, tí wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn ogun. Kọ́kọ́rọ́ àwọn olólùfẹ́ tó kún ara irin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008.

Àṣìṣe tó burú jù ni ti ọjọ́ ìpadàbọ̀: èèyàn á lọ dúró sí Hbf, rélùwéè rẹ̀ á ti Deutz gbéra. Ẹ ka orúkọ ibùdó tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa kẹ́ ẹ tó jáde ní òtẹ́ẹ̀lì.

Kò sí géètì níbi tí mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú. Ṣé ọ̀fẹ́ ni?

Rárá o. Àwọn ayẹ̀wò máa ń wọlé láìwọ aṣọ iṣẹ́, tí ilẹ̀kùn bá ti pa ni wọ́n ń yọ káàdì jáde. Yúróò 60 ni owó ìtanràn, “mo jẹ́ àlejò” kì í sì í gbani. Ohun tó ń mú ẹni tó ti sanwó gan-an ni pé kò lu tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lóǹtẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí “bitte entwerten” (ẹ jọ̀wọ́, ẹ lù ú lóǹtẹ̀) lára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó máa tẹ ọjọ́ àti aago sí i lára. Bí kò bá ti ní òǹtẹ̀, lójú tiwọn ẹ ò ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún máa gbọ́ nípa Deutschlandticket, 63 yúróò lóṣù láti ọdún 2026, tó ń gbé yín nínú bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ inú ìlú àti rélùwéè agbègbè káàkiri Jámánì. Kò gba ICE. Oṣù orí kàlẹ́ńdà ló ń tẹ̀ lé: tẹ́ ẹ bá rà á lọ́jọ́ 25, ọjọ́ tó kù nínú oṣù nìkan lẹ máa rí lò. Ó sì ń tún ara rẹ̀ rà. Bẹ́ ẹ kò bá fagi lé e kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù yẹn, wọ́n á yọ owó oṣù tó ń bọ̀.

Aago ńlá kan wà létí odò tí kì í sọ àkókò tó tọ̀nà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Kì í ṣe aago. Pegel ni, ohun tí wọ́n fi ń wọn odò. Ọwọ́ kékeré ń sọ iye mítà, ọwọ́ ńlá ń sọ ìdá mẹ́wàá mítà. Bí kékeré bá ti kọjá 3 díẹ̀, tí ńlá wà lórí 2, mítà 3.20 nìyẹn.

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé jíjìn odò nìyẹn. Òdo tí wọ́n ti ń kà á kò sí nísàlẹ̀ odò. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà jìn ju iye yẹn lọ ní nǹkan bíi mítà kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ kan fi ń rìn lóṣù kẹwàá ọdún 2018 nígbà tí Pegel wá sílẹ̀ dé mítà 0.69.

Ìwọ̀n yìí kàn yín. Tó bá dé 6.20, ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ rọra rìn. Tó bá dé 8.30, gbogbo wọn dúró, tó fi mọ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Lóṣù kìíní ọdún 1995, ó dé 10.69, omi sì wọ ìlú àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bọ̀ lóṣù kìíní tàbí ìkejì kó má fi ọkọ̀ ojú omi ṣe olórí ètò rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ odò náà wẹ̀, kódà létí bèbè. Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá, ó máa kọ́kọ́ fa omi kúrò létí, òkúta á hàn síta, ọmọdé á sá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni omi á ya padà wá lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fà wọ́n lọ sínú. Òmùwẹ̀ ń kú síbẹ̀.

Mo pe bíà kan, agbáwo ń gbé òmíràn wá. Mo tún pe “Halver Hahn”, adìyẹ ò sí níbẹ̀.

Bíà ìlú náà ni Kölsch, gíláàsì gbọọrọ tó gba lítà 0.2 ni wọ́n fi ń gbé e wá, nítorí pé ó tètè ń gbóná, ìfófó rẹ̀ sì ń lọ. Bí gíláàsì bá ti gbẹ, agbáwo, tí wọ́n ń pè ní Köbes, á gbé òmíràn kalẹ̀ láìbéèrè, á sì fa ìlà kan sára páálí abẹ́ gíláàsì. Páálí yẹn ni ìwé gbèsè yín, ẹ má fà á ya. Tó bá tó yín, ẹ fi páálí náà dé orí gíláàsì.

Halver Hahn, “ààbọ̀ àkùkọ”, jẹ́ búrẹ́dì ráì pẹ̀lú wàràkàṣì, músítádì àti àlùbọ́sà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹlẹ́dẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún Himmel un Ääd: ọ̀dùnkún gígún àti ápù ni, àmọ́ sọ́sééjì ẹ̀jẹ̀ ló ń wà lórí rẹ̀. Omi tí kò ní gáàsì ni “stilles Wasser”.

Ṣé ó yẹ kí n gun Dom?

Tí orúnkún yín bá le. Àtẹ̀gùn 533 ni, ó rí tóóró, ó ń yí bíríbírí, ẹni tó ń gòkè àti ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ sì jọ ń lo ọ̀nà kan náà. Ní agbedeméjì ọ̀nà lẹ máa rí agogo St. Petersglocke, tọ́ọ̀nù 24. Òkè níbi tẹ́ ẹ máa dúró sí ga tó nǹkan bíi mítà 97. Ẹ má gbé àpótí ẹrù wá, wọn kì í jẹ́ kó wọ inú Dom.

Ẹni tí kò lè gùn, kó lọ sí KölnTriangle ní Deutz. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, ó ga ní mítà 103, ó sì dára ju Dom lọ fún fọ́tò: ẹni tó wà lórí Dom kò lè rí Dom.

Lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́?

Òfin ló ti ilé ìtajà pa. Àwọn tó wà nínú Hbf ń ṣí, búrẹ́dì wà láàárọ̀. Ẹ ra nǹkan ní Sátidé, kẹ́ ẹ fi Àìkú wo mùsíọ́ọ̀mù, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń tì lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má sì jù ìgò ike tàbí agolo nù: sẹ́ǹtì 25 tẹ́ ẹ ti san kún un wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa, torí ẹ̀rọ tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ń ka àmì ara rẹ̀. Ó máa fún yín ní rìsíìtì, ẹ gbé e fún akáwó kó dá owó yín padà.

Mùsíọ́ọ̀mù wo ló kan àwa tá a ti Nàìjíríà wá?

Rautenstrauch-Joest, nítòsí Neumarkt. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà ààfin Ọba Ìbíní 92 wà títí di ọdún 2022, lára èyí tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì kó lọ lọ́dún 1897. Lóṣù kejìlá ọdún 2022 ni ìlú Köln fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni wọ́n. Mẹ́ta kọ́kọ́ wálé lóṣù yẹn, wọ́n sì ṣàdéhùn pé 37 á ṣì wà ní Köln fún ọdún 10 gẹ́gẹ́ bí ohun àyálò. Tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ ka ìwé pélébé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọjá.