Ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé ọkọ̀: ohun tí adaptive cruise control kì í rí

Àwọn ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan tó ń wọ Kàbà báyìí ní bọ́tìnnì kan lára sítíárìn tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fọwọ́ kàn. Adaptive cruise control ló ń tan. Ẹ ó sọ iye eré tí ẹ fẹ́ fún un, ẹ ò ní tẹná mọ́. Bí ọkọ̀ iwájú bá dín eré kù, tiyín náà á dín in kù. Bí ìyẹn bá tún ki eré mọ́lẹ̀, tiyín á tẹ̀lé e. Kì í ṣe nǹkan àná: Mercedes-Benz ti fi èyí tó ń lo rédà sínú ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ S-Class láti 1999.

Rédà yẹn sábà máa ń wà nínú bọ́ńpà tàbí lẹ́yìn àmì tó wà níwájú ọkọ̀. Ó ń ta ìtànṣán síwájú, èyí tó bá padà ló fi ń mọ bí ohun iwájú ṣe jìnnà tó àti bó ṣe ń sáré tó. Ṣùgbọ́n pátákó, afárá àti igi ẹ̀gbẹ́ títì náà ń dá ìtànṣán rẹ̀ padà. Bó bá ń tẹ bírékì nítorí gbogbo wọn, ta ni yóò dé Lọ́kọ́jà? Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá wà lórí eré, ọ̀pọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí kì í ka ohun tó dúró sójú kan sí.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Kàbà sí Obajana ti mọ ibi tí mò ń lọ. Tírélà kú sójú títì, awakọ̀ rẹ̀ já ewé sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin rí ewé, ẹ mọ ohun tó ń wí. Rédà ò gbọ́ èdè ewé. Èyí tó tún burú jù ni pé kí ọkọ̀ tí ẹ ń tẹ̀ lé yà fún tírélà náà lójijì: ẹ̀rọ yín lè rò pé ọ̀nà ti là, kó tún ki eré mọ́lẹ̀. Ní 100 km láàárín wákàtí kan, ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo jẹ́ nǹkan bíi mítà 28. Bó bá sì wá rí i, kì í tẹ bírékì tán. Díẹ̀ ló ń tẹ̀, á wá máa ké pé kí ẹ gbà á.

Ní kọ́nà òkè, ọkọ̀ iwájú lè bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀kadà tó ń rìn létí títì tín-ín-rín lójú rẹ̀. Ti ewúrẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Bí ẹrẹ̀ bá bo rédà, ẹ̀rọ á kúkú pa ara rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ńpà rẹ̀ rí. Rédà tó wọ́ díẹ̀ péré lè máa wo ọ̀nà ẹlòmíì.