Àgùnbánirọ̀ «pass out» ní Ògùn: ta ló dákú?

Àkọlé ìròyìn kan ń kiri WhatsApp ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú: «Corps members pass out in Ogun». Àwọn òbí kan rí i, àyà wọn já.

Ṣé àwọn ọmọ náà dákú ni?
Rárá o. Wọ́n parí ìsìnrú ìlú wọn ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ọ́ báyẹn?
Èdè ológun Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ ogun tó bá parí ẹ̀kọ́, tó yan kọjá níwájú ọ̀gá, ti «pass out» nìyẹn. Ìjọba ológun Gowon ló dá NYSC, ètò ìsìnrú ìlú náà, sílẹ̀ lọ́dún 1973, èdè bárékè sì bá a wọlé, pẹ̀lú fèrè ìdájí àti yíyan. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sábà lò ó báyẹn. Bí ẹ bá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àna yín ní Houston pé ọmọ ti «pass out», «Ọsibítù wo ló wà?» ni yóò kọ́kọ́ bi yín.

Ìtumọ̀ mélòó ló ní?
Mẹ́ta la sábà ń bá pàdé: kéèyàn dákú, kó parí ẹ̀kọ́, tàbí kó pín nǹkan, bí olóṣèlú tó ń pín ìwé ìpolongo ní gáréèjì Ṣàgámù. Ti pínpín rọrùn, ohun tí wọ́n ń pín máa ń tẹ̀ lé e. Méjì yòókù ló ń da orí rú. Ẹ wo ohun tó yí i ká: bí ẹ bá rí «Batch» (ìpín àwọn àgùnbánirọ̀) tàbí sátífíkéètì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ tún wo ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún ìsìnrú ìlú ni wọ́n ń lò ní àgọ́ Ṣàgámù. Ìparí ọdún náà ni «passing out». Ọmọ tó bá «pass out» lọ́jọ́ karùn-ún tó wọ àgọ́, ó dákú ni.

«Pass away» ńkọ́?
Ìyẹn ni kéèyàn kú. Ẹ má kí wọn kú oríire.

Bí ẹnì kan bá dákú lórí pápá lóòótọ́ ńkọ́?
Ìdúró pípẹ́ nínú oòrùn máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, kó má tó orí. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ tú bẹ́líìtì rẹ̀. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Bí kò bá lajú láàárín ìṣẹ́jú kan, ọsibítù ló kàn.

Kí ni kí n kọ bí ọmọ tèmi bá parí?
«Ó ti parí ìsìnrú ìlú.» Kò sẹ́ni tí yóò sáré ra gúlúkóòsì.