Irin ti wà kí ayé tó wà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn ìràwọ̀ tó ń bú gbàmù

Ìbéèrè: Wọ́n ní inú ìràwọ̀ ni irin ti wá. Ṣé òótọ́ ni, àbí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kàn ń méfò?

Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ní ọdún, ó ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ó sì ní àwọn tó ṣojú wọn. Irin inú ọkọ́ àti àdá, irin inú ẹ̀jẹ̀ wa, kálísíọ́ọ̀mù inú eegun, ọ́síjìn tí à ń mí sínú, ilẹ̀ ayé kọ́ ló ṣe wọ́n. Wọ́n ti wà níta kí ayé tó kóra jọ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún sẹ́yìn.

Àmọ́ wọn ò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí àgbáálá ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, háídírójìn kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo gbogbo èròjà tó wà, hílíọ́ọ̀mù kó ìyókù, lítíọ́ọ̀mù táṣẹ́rẹ́ sì wà pẹ̀lú wọn. Ó parí. Kò sí ọ́síjìn, torí náà kò lè sí omi. Kò sí sílíkọ́nù, torí náà kò lè sí iyanrìn. Àwọn ìràwọ̀ ló ṣe ìyókù.

Ìbéèrè: Báwo ni ìràwọ̀ ṣe ń sọ èròjà kan di òmíràn?

Iye prótọ́nù tó wà nínú kókó átọ́mù ló ń sọ ohun tí èròjà kan jẹ́. Háídírójìn ní 1, kábọ́ọ̀nù ní 6, ọ́síjìn ní 8, irin ní 26, wúrà ní 79. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irin gbọ́dọ̀ rí prótọ́nù 26 kó sójú kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn prótọ́nù kì í fẹ́ rí ara wọn sójú, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn. Àfi tí ooru bá pọ̀ débi pé eré tí wọ́n ń sá á jẹ́ kí wọ́n kọ lu ara wọn tipátipá, kí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀. Àárín gbùngbùn oòrùn wa gbóná tó mílíọ̀nù 15 dígírì, ibẹ̀ ni háídírójìn ti ń di hílíọ́ọ̀mù. Agbára tó ń jáde níbẹ̀ ló di ìmọ́lẹ̀ àti ooru tó ń bà wá lára.

Oòrùn ò tóbi tó láti ṣe irin. Àwọn ìràwọ̀ tó wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ sókè ló lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó wúwo tó oòrùn lọ́nà 25. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 ọdún ló máa fi jó háídírójìn inú rẹ̀ tán. Hílíọ́ọ̀mù ò ní gbà á tó mílíọ̀nù kan ọdún. Kábọ́ọ̀nù ò ju ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lọ, ọ́síjìn ò sì ju oṣù mélòó kan lọ. Tó bá wá kan sílíkọ́nù, nǹkan bí ọjọ́ kan péré ni, ó tán! Mo ti mọ àwọn iye yìí tipẹ́, síbẹ̀ wọn ò yé dẹ́rù bà mí. Ohun tó fi àìmọye ọdún rọra ń jó, ọjọ́ kan ló fi parí ìyókù.

Lásìkò yẹn, inú ìràwọ̀ náà ti di ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà: irin láàárín, sílíkọ́nù lé e, lẹ́yìn náà ọ́síjìn, kábọ́ọ̀nù, hílíọ́ọ̀mù, háídírójìn sì wà níta pátápátá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ pé orí irin ló ti ń dúró?

Torí pé àwọn èròjà tó ṣáájú irin máa ń mú agbára jáde tí wọ́n bá lẹ̀ pọ̀, irin kì í mú agbára kankan jáde. Ńṣe ló ń gbà á. Agbára tó ń jáde látinú lọ́hùn-ún yìí ló sì ń gbé ìràwọ̀ náà ró kí ìwúwo ara rẹ̀ má bàa wó o mọ́lẹ̀. Tí irin tó wà láàárín bá ti wúwo ju oòrùn lọ díẹ̀, ó di dandan kó já. Ohun tó fẹ̀ tó ilẹ̀ ayé á ya lulẹ̀ sínú ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní fẹ̀ ju ìlú ńlá kan lọ mọ́. Àwọn ohun tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní neutrino á tú jáde lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ló ń gbé nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún agbára náà lọ. Díẹ̀ tó kù ti tó láti fọ́n gbogbo ìpele tó wà lókè káàkiri ojú ọ̀run.

Ìbúgbàmù yẹn fúnra rẹ̀ ṣì ń ṣe èròjà bó ṣe ń lọ. Ooru rẹ̀ ń sọ sílíkọ́nù tó bá pàdé lọ́nà di oríṣi níkẹ́ẹ̀lì kan, níkẹ́ẹ̀lì-56. 56 yẹn ni iye prótọ́nù inú kókó átọ́mù rẹ̀ àti níútírọ́nù tó ń bá wọn gbé níbẹ̀ lápapọ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ìbéèrè: Ta ló to gbogbo èyí pọ̀?

Èèyàn mẹ́rin. Margaret Burbidge àti Geoffrey ọkọ rẹ̀, William Fowler àti Fred Hoyle. Ní 1957, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Reviews of Modern Physics. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ojú ìwé, àwọn onímọ̀ sì ń pè é ní B²FH látara orúkọ ìdílé wọn. Kó tó dìgbà yẹn, Hoyle ti ń sọ ọ́ pé inú ìràwọ̀ ni àwọn èròjà tó wúwo ti ń wá. Ohun tí àwọn mẹ́rin náà ṣe ni pé wọ́n kó ìṣirò, ohun tí wọ́n rí nínú yàrá ìwádìí àti ohun tí awò awọ̀nàjíjìn fi hàn jọ, wọ́n sì sọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà wáyé.

Màmá Burbidge ni mo fẹ́ dúró lé. Stockport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1919. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kíka ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀: wọ́n á tú ìmọ́lẹ̀ náà sí àwọn àwọ̀ inú rẹ̀, wọ́n á rí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín láàárín àwọ̀ náà, èròjà kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí ìlà tirẹ̀ máa ń wà. Àmọ́ nígbà náà, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin lo awò ńlá tó wà ní Mount Wilson ní California. Ńṣe ni wọ́n gba àyè náà lórúkọ ọkọ rẹ̀, òun wá dé ibẹ̀ bí olùrànlọ́wọ́ ọkọ. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ orí ìwé ni Geoffrey ń ṣe, ìyàwó ló mọ awò í lò. Ìwà ìrẹ́nijẹ gbáà ni, kò sì yẹ ká máa sọ ìtàn ìwádìí yìí láìmẹ́nu kàn án. Fowler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1983. Màmá ò gbà á títí wọ́n fi kú ní 2020, lẹ́ni 100 ọdún.

Ní Mount Wilson kan náà ni onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Paul Merrill, ti rí ohun tó la àwọn èèyàn lójú ní 1952. Ó rí ìlà èròjà kan tí wọ́n ń pè ní technetium nínú ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ pupa ńlá kan. Technetium kì í pẹ́: èyí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti yí padà di nǹkan mìíràn láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ọdún. Ìràwọ̀ wọ̀nyẹn sì ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí kò bá ṣe pé àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é, ì bá ti tán lára wọn.

Ìbéèrè: Ṣé ẹnì kan ti rí i nígbà tí ìràwọ̀ bú, tó sì rí irin tó ń jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní òru February 23 mọ́jú 24, ọdún 1987, Ian Shelton, ará Kánádà, wà ní Las Campanas, ibùdó tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ní orílẹ̀-èdè Chile. Ó ya fọ́tò ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Large Magellanic Cloud sórí gíláàsì, irú èyí tí wọ́n ń lò nígbà náà. Nígbà tó fọ̀ ọ́, ó rí ojú kan tó mọ́lẹ̀ rokoṣo níbi tí kò yẹ kí nǹkan tó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ó jáde síta, ó gbójú sókè, ó rí i. Oscar Duhalde tó ń bójú tó awò níbẹ̀ náà ti fojú lásán rí i lóru ọjọ́ kan náà.

Ìràwọ̀ náà jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀, tó ń sáré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lo ohun tó lé ní 160,000 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní wákàtí mélòó kan kí ìmọ́lẹ̀ náà tó dé, àgbá omi ńlá kan tó wà nínú ihò ìwakùsà ní Japan, Kamiokande, ti gba neutrino 11. Òmíràn ní Ohio ní Amẹ́ríkà gba 8. Àwọn yìí ló kọ́kọ́ sọ pé àárín ìràwọ̀ náà ti já, gẹ́lẹ́ bí ìṣirò ṣe wí.

Níkẹ́ẹ̀lì-56 rèé. Láàárín ọjọ́ 6, ìdajì rẹ̀ á ti di kóbọ́ọ̀tì-56. Kóbọ́ọ̀tì náà kì í dúró, láàárín ọjọ́ 77 ìdajì rẹ̀ á ti di irin-56, ìyẹn irin tí gbogbo wa mọ̀. Bó ṣe ń yí padà ló ń mú agbára jáde, agbára yẹn ló sì ń jẹ́ kí ìdọ̀tí ìbúgbàmù náà ṣì máa tàn. Àwọn onímọ̀ ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n wá rí i pé fún ọ̀pọ̀ oṣù, bó ṣe ń dín kù bá ọjọ́ 77 yẹn mu wẹ́kú. Kò tán síbẹ̀. Kóbọ́ọ̀tì-56 ní ìtànṣán gámà tirẹ̀ tí kò jọ ti ẹlòmíì, sátẹ́láìtì Solar Maximum Mission sì mú un lọ́dún yẹn gan-an. Wọ́n ṣírò níkẹ́ẹ̀lì tó gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀: ó wúwo tó nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo oòrùn. Tí ẹ bá fi wé ilẹ̀ ayé wa, irin tí ìràwọ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣe wúwo ju ogún ẹgbẹ̀rún ilẹ̀ ayé lọ.

Èyí ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń wò lálaalẹ́ yẹn, irin tó ń wáyé ni.

Ìbéèrè: Ṣé irú ìràwọ̀ yìí nìkan ló ń ṣe irin?

Rárá. Àwọn ìràwọ̀ tí kò tóbi máa ń fi òkú kan sílẹ̀ tó fẹ̀ tó ilẹ̀ ayé àmọ́ tó lè wúwo tó oòrùn. Tí irú òkú bẹ́ẹ̀ bá ní èkejì nítòsí tó ń da èròjà sí i lára, tàbí tí méjì bá kọ lu ara wọn, gbogbo rẹ̀ lè bú lẹ́ẹ̀kan náà. Níkẹ́ẹ̀lì tó ń jáde níbẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti 1987 lọ dáadáa. Ọ́síjìn ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ ńlá ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti wá.

Ìbéèrè: Wúrà ńkọ́?

Wúrà ti kọjá irin, a ò lè rí i bí a kàn ń lẹ àwọn kókó átọ́mù pọ̀. Níútírọ́nù ló gbọ́dọ̀ ya wọ inú kókó átọ́mù wìtìwìtì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìràwọ̀ ńlá tó bú ni wọ́n ń fura sí. Ní August 17, 2017, àwọn ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà àti Virgo ní Ítálì gbọ́ ìmìtìtì ìràwọ̀ níútírọ́nù méjì (ìyẹn àárín ìràwọ̀ ńlá tó ti já, tí kò fẹ̀ ju ìlú ńlá kan lọ mọ́) tó kọ lu ara wọn, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 130 ọdún rìn kó tó débí. Ìmọ́lẹ̀ tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ búlúù, ó sì pọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí tí èròjà tó wúwo bá ń wáyé níbẹ̀. Ní 2019, wọ́n dá strontium, èròjà kan tó wúwo ju irin lọ, mọ̀ nínú rẹ̀. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bí wúrà ṣe pọ̀ tó láti irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ a lè mọ ìràwọ̀ tó ṣe irin inú ẹ̀jẹ̀ mi?

A ò lè mọ̀ ọ́n, torí èròjà ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ló ti pò pọ̀ kí oòrùn tó wáyé. Àmọ́ irin kan wà tó ní ọjọ́ orí, irin-60. Ìdajì rẹ̀ ń yí padà láàárín mílíọ̀nù 2.6 ọdún, torí náà èyí tó bá ilẹ̀ ayé dáyé ti tán pátápátá. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Munich, Jámánì, rí i nínú èèpo àpáta tó wà nísàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé mílíọ̀nù 2 sí 3 ọdún sẹ́yìn ló bọ́ síbẹ̀, látọ̀dọ̀ ìràwọ̀ kan tó bú nítòsí wa. Lẹ́yìn náà, wọ́n bu 500 kìlógíráàmù yìnyín ní Antarctica, yìnyín tí kò tíì pé ogún ọdún tó rọ̀, wọ́n gbé e lọ sí Munich, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n sì wá irin-60 nínú rẹ̀. Ní 2019, wọ́n kéde pé àwọn rí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ èyí tí ìtànṣán ojú òfuurufú lè ti ṣe kúrò.