Pípa bodybuilding pọ̀ mọ́ ìdíje agbára

Pípa bodybuilding pọ̀ mọ́ ìdíje agbára ni kí ẹnì kan máa gbé irin nítorí ohun méjì: kí iṣan rẹ̀ tóbi kó sì hàn ketekete níwájú adájọ́, kí ó sì tún lè gbé ìwọ̀n tó wúwo lórí pèpéle ìdíje. Nínú bodybuilding, kò sẹ́ni tó ń bi olùdíje pé kílò mélòó ló gbé. Ara tó gbé wá ni wọ́n ń wò: bí iṣan ṣe tóbi tó, bí apá òsì ṣe bá ti ọ̀tún dọ́gba, bí ọ̀rá abẹ́ awọ ṣe dínkù tó. Ìdíje agbára kò bìkítà fún bí ara ṣe rí. Lára rẹ̀ ni powerlifting, tó ní oríṣi ìgbérin mẹ́ta: lílóṣòó pẹ̀lú irin léjìká, títi irin sókè lórí bẹ́ǹṣì, àti gbígbé irin nílẹ̀ títí ènìyàn yóò fi nàró. Weightlifting ti Òlíḿpíìkì náà wà, níbi tí irin ti gbọ́dọ̀ dé òkè orí, àti ìdíje àwọn alágbára tó ń gbé òkúta tó sì ń fa ọkọ̀.

Àwọn tí kì í fi irin gbígbé jẹun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pa méjèèjì pọ̀: akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, òṣìṣẹ́ tó ń ya jíìmù lẹ́yìn iṣẹ́, tó sì ń fi owó ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje.

Ìgbà tí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan

Kò sí ààlà láàárín wọn níbẹ̀rẹ̀. Eugen Sandow, tí wọ́n bí ní Königsberg ní 1867, fi agbára pawó lórí ìtàgé kí òkìkí ẹwà ara rẹ̀ tó kàn. Òun ló ṣètò ìdíje ara tó wáyé ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, 1901. Òun, Charles Lawes tó ń gbẹ́ ère, àti òǹkọ̀wé Arthur Conan Doyle ni wọ́n jókòó ṣe adájọ́, William Murray láti Nottingham ló sì gbégbá orókè.

Ní Amẹ́ríkà, abẹ́ àjọ eré ìdárayá kan náà, AAU, ni weightlifting àti ìdíje ara Mr. America wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àjọ náà a máa fún àwọn tó bá díje fún Mr. America ní máàkì nítorí eré ìdárayá tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ borí kò lè fi irin wúwo sílẹ̀. John Grimek ṣojú Amẹ́ríkà nínú weightlifting ní Òlíḿpíìkì Berlin ní 1936, ó sì di Mr. America ní 1940 àti 1941. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe òfin pé ẹni tó bá ti gba oyè náà rí kò gbọ́dọ̀ díje fún un mọ́.

Tommy Kono ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ nínú ìtàn yìí. Ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ ti Japan wá ni, Sacramento ni wọ́n sì bí i sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba kó òun àti ìdílé rẹ̀ lọ sí àgọ́ Tule Lake ní California, bí wọ́n ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ará Japan nígbà náà. Ọmọdékùnrin tínínrín tí ikọ́ fée ń bá fínra ni. Inú àgọ́ yẹn ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin. Ní 1952 ó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Helsinki, ó tún gba òmíràn ní Melbourne ní 1956, ó sì gba fàdákà ní Róòmù ní 1960. Ìpele ìwọ̀n ara mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti gbé irin tó wúwo ju èyí tí ẹnikẹ́ni gbé rí láyé. Láàárín àkókò kan náà ló gba oyè ìdíje ara Mr. Universe ní 1955, 1957 àti 1961.

Àwọn àjọ ló ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ ju ara ènìyàn lọ. Ọdún 1946 ni Ben àti Joe Weider dá IFBB, àjọ bodybuilding, sílẹ̀ ní Montreal, ìdíje ara Mr. Olympia àkọ́kọ́ sì wáyé ní Brooklyn ní 1965, níbi tí Larry Scott ti borí. Ìdíje ara di ohun tó dá dúró. Ní 1972, wọ́n dá àjọ àgbáyé IPF sílẹ̀ fún powerlifting. Lẹ́yìn Òlíḿpíìkì Munich ọdún yẹn kan náà, weightlifting yọ títi irin sókè orí láìlo ẹsẹ̀ kúrò nínú ìdíje, nítorí pé àwọn eléré ti ń fẹ̀yìn sẹ́yìn gan-an, tó sì ṣòro fún adájọ́ láti mọ ẹni tó pa òfin mọ́. Ìgbérin yẹn gan-an ló ń sọ èjìká di ńlá, ó sì wà lára ohun tó so ìdíje méjèèjì pọ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan kò jẹ́ kí okùn náà já. Arnold Schwarzenegger díje nínú powerlifting nígbà èwe rẹ̀, ó sì borí nínú ìdíje gbígbé òkúta ní Munich ní 1967, òkúta tó wọn kílò 254. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Franco Columbu, ará Sardinia, jẹ́ gbajúmọ̀ nínú gbígbé irin nílẹ̀, ó sì gba Mr. Olympia ní 1976 àti 1981.

Ohun tí agbára fi yàtọ̀ sí ìtóbi

Iṣan tó tóbi lè ṣe ju èyí tó kéré lọ, ṣùgbọ́n ìtóbi nìkan kọ́ ni agbára. Kí ènìyàn tó lè gbé irin wúwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọpọlọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí yóò ṣe pe gbogbo iṣan síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí irin ń gbà bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà ilé. Irin wúwo nìkan ló ń kọ́ni ní èyí. Ní ti kí iṣan tóbi, irin tó jẹ́ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún agbára ènìyàn lè mú un tóbi, èyí tó jẹ́ ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún náà lè ṣe é, bí ẹni náà bá sáà ti gbé e títí agbára fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí ìjà láàárín méjèèjì. Ní ọdún kan tàbí méjì àkọ́kọ́, ohun yòówù kó ṣe dáadáa ni yóò sọ iṣan rẹ̀ di ńlá tí yóò sì fi kún agbára rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ọ̀nà ń pín. Ẹni tó ń gbé irin ní ẹ̀ẹ̀méjìlá-méjìlá láti January dé December yóò ní ara, ṣùgbọ́n irin wúwo yóò máa bà á lẹ́rù. Ẹni tí kì í kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta nínú sẹ́ẹ̀tì kan (iye ìgbà tí ènìyàn gbé irin léra kó tó sinmi) yóò lágbára, ṣùgbọ́n apá àti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ yóò kéré níwájú adájọ́ bodybuilding.

Bẹ́ǹṣì kan, iṣẹ́ méjì

Orí bẹ́ǹṣì ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù. Eléré powerlifting máa ń di ọ̀pá irin mú ní fífẹ̀. Òfin IPF fàyè gba sẹ̀ńtímítà 81 láàárín ìka ìfábẹ̀là méjèèjì. Á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á fún ẹ̀yìn èjìká pọ̀, á sì gbé àyà sókè kí ọ̀nà tí irin yóò rìn lè kúrú. Àwọn kan sọ ọ̀nà náà di kúkúrú débi pé irin fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn rárá, ni IPF bá ṣòfin ní 2023 pé abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ibi tó bá orí èjìká dọ́gba, ó kéré tán. Irin á kan àyà, á sì dúró jẹ́ẹ́. Olùdíje kò gbọdọ̀ tì í títí olórí adájọ́ yóò fi pàṣẹ. Bó bá ti tì í tán, kò gbọdọ̀ dá a padà sórí agbékọ́ kí àṣẹ mìíràn tó dé. Iná funfun méjì nínú mẹ́ta tí àwọn adájọ́ ń tàn ló ń sọ ọ́ di gbígbà.

Ẹni tó ń fi bẹ́ǹṣì kan náà kọ́ àyà fún bodybuilding ń wá òdìkejì. Kí ọ̀nà irin gùn ló fẹ́, kí iṣan àyà nà dáadáa kó tó sún kì, kí irin má sì dúró pẹ́ níbì kan. Nínú gbígbé irin nílẹ̀, á fi okùn so ọwọ́ mọ́ ọ̀pá kí ẹ̀yìn lè ṣiṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni okùn yìí jẹ́ èèwọ̀ lórí pèpéle powerlifting. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti bodybuilding wá ló ti rí i ní ìdíje àkọ́kọ́ pé ẹ̀yìn òun gbà á ṣùgbọ́n ọwọ́ òun tú. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń gbé èyí tó wúwo pẹ̀lú ọwọ́ lásán, tí wọ́n á wá lo okùn fún èyí tó kù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ kan

Irin wúwo ló máa ń ṣáájú, nígbà tí ara ṣì jí pépé. Ká ní ẹnì kan lè lóṣòó pẹ̀lú kílò 150 lẹ́ẹ̀kan. Ó lè kọ́kọ́ ṣe sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kílò 127.5. Àpapọ̀ ohun tó gbé jẹ́ kílò 1,912.5. Lẹ́yìn èyí, á já a sí kílò 90, á ṣe sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá-mẹ́wàá: kílò 2,700. Apá tó fúyẹ́ ló ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù, òun ló sì ń sọ itan di ńlá. Apá àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ kí itan náà mọ ìdíje. Ìyókù ọjọ́ náà jẹ́ ti àwọn ibi tí powerlifting kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn: ẹ̀yìn ojúgun, ẹ̀gbẹ́ èjìká, apá.

Oúnjẹ, òṣùwọ̀n àti kàlẹ́ńdà

Ibí ni wàhálà gidi wà, ó ju inú jíìmù lọ. Ní ti purotéènì, méjèèjì fohùn ṣọ̀kan: gíráàmù 1.6 fún kílò ara kan lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún ẹni tó wọn kílò 80, gíráàmù 128 nìyẹn. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà, nítorí náà ẹyin nìkan kò lè gbé e, àfi kí ẹja, ẹran, wàrà àti ẹ̀wà bá a ṣe é.

Ìyapa dé nígbà tí ọjọ́ ìdíje ara bá ń sún mọ́lé. Olùdíje bodybuilding máa ń fi oṣù mẹ́ta sí márùn-ún dín oúnjẹ kù kí ọ̀rá lè lọ. Oorun á dínkù, inú á máa bí i kíákíá, nǹkan oṣù obìnrin lè dúró, irin tó ń gbé tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn á sì di òkè. Kò sí bí ẹni náà ṣe lè ṣe dáadáa nínú powerlifting lọ́sẹ̀ yẹn. Nítorí náà ìdíje agbára ló yẹ kó ṣáájú nínú ọdún, nígbà tí oúnjẹ ṣì wà nínú ara, kí ìdíje ara tẹ̀lé e lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá yí i padà yóò gun pèpéle pẹ̀lú ara tó ti rẹ̀.

Nínú IPF, wákàtí méjì ṣáájú ìdíje ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ènìyàn. Àyè kò tó láti gbẹ omi ara kó sì tún padà bọ̀ sípò, nítorí náà ó sàn kí eléré díje ní ìpele tí ara rẹ̀ ti wà.

Ewu

Ní 1977, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje ọkùnrin tó lágbára jù lọ láyé ní California, Columbu gbé fìríìjì pọ̀n, ó sì ń sáré. Ó kọsẹ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ọdún mẹ́rin kọjá kó tó padà wá gba Mr. Olympia lẹ́ẹ̀kejì. Ronnie Coleman, tó bẹ̀rẹ̀ láti powerlifting, tó sì gba Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láti 1998 sí 2005, lè gbé pọ́ùn 800 nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ẹ̀yìn àti ìbàdí lọ́pọ̀ ìgbà, igi ló sì wá ń fi rìn lẹ́yìn náà. Ti oògùn amúṣan-tóbi náà ń bẹ: IPF ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, àwọn àjọ mìíràn kan kì í ṣe é. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ díje mọ irú àjọ tó ń wọ̀ kó tó fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn.

Ní Nàìjíríà

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Nàìjíríà ti ń gbayì nínú àwọn eré wọ̀nyí. Adijat Olarinoye àti Rafiatu Lawal gba wúrà weightlifting ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022. Ní powerlifting Paralympic, ti àwọn eléré akanda ẹ̀dá, níbi tó ti jẹ́ títì lórí bẹ́ǹṣì nìkan, Folashade Oluwafemiayo ti kílò 167 ní Paris ní 2024, tẹ́nì kan kò tì rí ní ìpele rẹ̀ títí di ìgbà náà. Ọdún yẹn kan náà ni Samson Dauda, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì ń gbé ní Bìrìtìkó, gba Mr. Olympia.

Jíìmù àdúgbò ni ibi tí wọ́n ti ń pa méjèèjì pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pá irin lásán tí wọ́n fi àgbá ọkọ̀ tàbí agolo tí wọ́n rọ simẹ́ǹtì kún bọ̀ létí ni wọ́n ń gbé. Irú irin bẹ́ẹ̀ ń kọ́ iṣan dáadáa, nítorí iṣan kò mọ kílò. Ẹni tó ń múra fún pèpéle ló nílò àfikún iṣẹ́: agolo méjì tó jọra kì í sábà wọn dọ́gba, nítorí náà á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, á sì fi ọ̀dà kọ kílò rẹ̀ sí i lára.