Bí Fánííṣì Ṣe Sọ Ọ̀sán Di Òru Lára Àwòrán Rembrandt

Àwòrán tí gbogbo ayé ń pè ní Ìṣọ́ Òru, èyí tí Rembrandt, ayàwòrán ará ilẹ̀ Netherlands, parí ní ọdún 1642, kì í ṣe àwòrán òru rárá. Ojú ọ̀sán ni Frans Banninck Cocq àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú Amsterdam tó jẹ́ ọ̀gá fún ń jáde lọ nínú rẹ̀. Apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, òjìji ọwọ́ ọ̀gá náà sì hàn kedere lára ẹ̀wù aláwọ̀ wúrà tí igbákejì rẹ̀ wọ̀. Apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórúkọ òru, nígbà tí fánííṣì, ìyẹn ohun dídán tí wọ́n ń kùn lé ojú àwòrán, àti ìdọ̀tí ti mú kí ó ṣú.

Ìpele ìpele ni àwòrán ọ̀dà olóróró máa ń wà. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, òróró tí wọ́n fi po ọ̀dà sì wá láti inú irúgbìn ọ̀gbọ̀ bákan náà, tó fi jẹ́ pé ewéko kan ṣoṣo ló pèsè aṣọ àti òróró. Kí ọ̀dà tó kan aṣọ, ayàwòrán ní láti fi nǹkan dí ojú aṣọ náà. Amọ̀ tí yanrìn kúnná wà nínú rẹ̀ ni Rembrandt lò, ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé ó ti kọ́kọ́ fi òróró tó ní òjé nínú rin aṣọ náà. Ó jọ pé ògiri ló ń rò: gbọ̀ngàn àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Kloveniersdoelen ni àwòrán náà ń lọ, ara ògiri tó kọ ẹ̀yìn sí ìta ni wọ́n sì máa gbé e kọ́ sí, níbi tí ọ̀rinrin ti lè gba ẹ̀yìn wọ inú aṣọ.

Fánííṣì ló kẹ́yìn lórí ọ̀dà. Oje igi tí wọ́n yọ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú kí àwọ̀ jinlẹ̀ kó sì máa dán, kí ó sì jẹ́ pé òun ni ìyà kọ́kọ́ máa kàn. Ní ọdún 1990, ọkùnrin kan fọ́n ásíìdì sí àwòrán yìí. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ tètè da omi lé e, ásíìdì náà kò sì ráyè kọjá ara fánííṣì. (Fánííṣì kò lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀bẹ ní tirẹ̀: ẹni tó yọ ọ̀bẹ sí i ní ọdún 1975 ya aṣọ náà lójú méjìlá.) Àmọ́ oje igi kì í wà bó ṣe wà. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, á sì máa ṣú sí i lọ́dọọdún. Àwọn tó tọ́jú àwòrán láyé ọjọ́un kì í sábà yọ èyí tó ti gbó kúrò. Tuntun ni wọ́n ń kùn lé e, tí eruku àti èéfín sì ń há sáàárín. Nígbà tí wọ́n fọ Ìṣọ́ Òru lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ojúmọ́ tó mọ́ padà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù ọdún 1975, wọ́n tún aṣọ náà ṣe, wọ́n sì kun fánííṣì mìíràn, èyí tó gbó nígbà tó yá, òun ni wọ́n wá fẹ́ yọ.

A kì í ṣàdédé gbé ohun tó ń yọ́ fánííṣì ka irú nǹkan báyìí. Láti oṣù Keje ọdún 2019 ni Rijksmuseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwòrán náà wà ní Amsterdam, ti kọ́ yàrá onígíláàsì yí àwòrán náà ká níbi tó wà gan-an, kí àwọn àlejò lè máa wo iṣẹ́ bó ṣe ń lọ. Ẹ̀rọ kan tó ń lo ìtànṣán X rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì sọ ibi tí òjé, irin tàbí kálísíọ́ọ̀mù wà. Ìgbà 56 ni wọ́n ṣètò pé yóò lọ, ọjọ́ kan gbáko ni ìgbà kọ̀ọ̀kan sì gbà. Ẹ̀rọ yìí ló tú àṣírí àwòrán ìpilẹ̀ tí Rembrandt fi ọ̀dà tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀ yà, àti ti ìyẹ́ tó yà sórí àkẹtẹ̀ irin ẹ̀ṣọ́ kan tó sì tún kùn pa. Fọ́tò 8,439 ni wọ́n tún yà tí wọ́n so pọ̀ di ẹyọ kan.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni yíyọ fánííṣì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kékeré tí wọ́n ti fi ohun olómi bíi tínà àwọn akunlé rin lé ojú àwòrán. Fánííṣì á yọ́, aṣọ náà á fà á mu, wọ́n á sì ká a kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú kòlòfín, òwú tí wọ́n wé mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń nù ún, pẹ̀lú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú. Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀dà bá a lọ ni pé ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà gbẹ yàtọ̀. Ohun olómi inú fánííṣì ló kàn fò lọ tó ku oje igi, nítorí náà ó ṣeé yọ́ padà. Òróró inú ọ̀dà ní tirẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ di ohun líle mìíràn, kò sì lè padà di òróró mọ́. Síbẹ̀, bí ohun olómi náà bá le jù tàbí tó pẹ́ jù, ó lè ba ọ̀dà jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní bíńtín bíńtín.

Ohun tí ìfọ̀ kò lè dá padà ni èyí tí wọ́n ti gé kúrò. Ní ọdún 1715, nígbà tí wọ́n ń gbé àwòrán náà lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, àyè tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjì kò gbà á, ni wọ́n bá gé e ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Apá òsì ló pàdánù jù, nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì sì bá a lọ. A dúpẹ́ pé Gerrit Lundens ti ya ẹ̀dà kékeré kan kí wọ́n tó gé e. Ní ọdún 2021, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fi ẹ̀dà yìí kọ́ kọ̀ǹpútà láti ya ibi tó sọnù bí ọwọ́ Rembrandt, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó. Nígbà tó yá, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí kì í ṣe Rembrandt ló yà á.