"Curved Gram-negative rods": bí lab ṣe ń mọ bakitéríà inú tó tẹ̀ bíi kọ́mà

Ẹni tó bá ti gba rìsọ́ọ̀tì ìgbẹ́ rí tí wọ́n kọ "curved Gram-negative rods seen" síbẹ̀ á ti bi ara ẹ̀ pé kí lèyí gan-an, ṣé orúkọ àìsàn ni àbí orúkọ kòkòrò. Kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì o. Ohun tí ẹni tó wà nídìí máíkírósíkóòpù fojú rí ló kọ sílẹ̀, pé bakitéríà kan wà níbẹ̀ tó rí bí ọ̀pá kékeré, tó tẹ̀ bíi kọ́mà inú ìwé, tó sì gba àwọ̀ pupa. Ó ti rí ẹnì kan, kò tíì mọ orúkọ ẹ̀.

Gram yẹn, orúkọ èèyàn ni. Hans Christian Gram, dókítà ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló gbé ọ̀nà aró yìí jáde ní 1884. Wọ́n á da aró elésè àlùkò sórí sláìdì, ayodínì á tẹ̀ lé e kí aró lè dì, wọ́n á wá fi sípírítì fọ̀ ọ́. Bakitéríà tí ògiri ara ẹ̀ nípọn á di aró yẹn mú, òun ni Gram-positive. Èyí tí ògiri tiẹ̀ fẹ́lẹ́, aró á ṣàn kúrò lára ẹ̀, tí wọ́n bá wá da aró pupa lé e, pupa yẹn ló máa gbé wọ̀. Gram-negative nìyẹn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó tẹ̀ báyìí tó sì ń da inú láàmú ju ẹyọ kan lọ. Vibrio wà níbẹ̀, inú ẹbí ẹ̀ ni èyí tó ń fa kọ́lẹ́rà tí a tún ń pè ní onígbáméjì ti wá, Campylobacter tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀, Helicobacter pylori tó ń fa ọgbẹ́ inú náà wà níbẹ̀. Ojú wọn jọra, ìwà wọn ò jọra rárá, ìwà yẹn gan-an ni lab fi ń mú wọn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Campylobacter torí òun ló máa ń fojú èèyàn rí màbo jù. Ó tín-ín-rín débi pé safranin, aró pupa tá a máa ń lò, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un, ẹ̀ẹ́ kàn máa wò ó bí ẹni ń wo òjìji, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ lab fi ń lo carbol fuchsin dípò ẹ̀. Tó bá wá hàn dáadáa, ẹ̀ẹ́ rí i pé méjì máa ń so mọ́ra ní ìdí, wọ́n á dà bí ẹyẹ tí ọmọdé yà sójú sánmà, apá méjì péré láìní orí láìní ẹsẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ìgbẹ́ tútù lẹ kán sórí sláìdì láìfi aró sí i, ẹ̀ẹ́ rí i tó ń ta sọ́tùn-ún ta sósì bí ọfà, kẹ́ ẹ tó tẹjú mọ́ ọn ó ti kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ kéèyàn gbìn ín, ìyẹn kó mú un hù sórí oúnjẹ tí lab sè fún un nínú pléètì, ló le. Theodor Escherich, dókítà àwọn ọmọdé, ti rí bakitéríà tó tẹ̀ báyìí lára àwọn ọmọ kéékèèké tí ìgbẹ́ gbuuru pa, láti 1886, kò kàn rí i gbìn ni. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí sínú yìí, tí ọ́síjìn inú ẹ̀ tó 21%, ti pọ̀ jù fún un, bíi 5% ló fẹ́, tẹ́ ẹ bá sì tún gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá, kò ní hù. Nítorí náà inú jáà tá a dé pa ni pléètì ẹ̀ ń wọ̀, pẹ̀lú àpò kékeré kan tó ń fa ọ́síjìn jẹ tó sì ń tú carbon dioxide sílẹ̀. Ooru dígírì 42 la máa ń gbé e sí, tó sún mọ́ ooru ara adìyẹ, kò sì yani lẹ́nu torí inú ìfun adìyẹ ló ti ń gbé jẹ́ẹ́ láìṣe é ní nǹkan kan. Ní 1977, Martin Skirrow, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ọ̀nà kan jáde tó jẹ́ kí lab kéékèèké náà lè gbìn ín, ágà ẹ̀jẹ̀, ìyẹn oúnjẹ bakitéríà tó dì bíi jẹ́lì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sí, tí wọ́n po antibáyótíìkì mẹ́ta mọ́ kí àwọn bakitéríà ìgbẹ́ tó kù má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí 48, ẹni tó bá ṣí jáà ní wákàtí 24 tó ní òun ò rí nǹkan kan, ìkánjú ẹ̀ ló fà á.

Vibrio ní tiẹ̀, ọ̀tọ̀ pátápátá. Omi tó ní agbára bí omi eérú ló fẹ́ràn, omi peptone, ìyẹn oúnjẹ bakitéríà tó ṣàn bí omi, tí pH ẹ̀ tó 8.6, ọ̀pọ̀ bakitéríà ìgbẹ́ ò lè yára hù níbẹ̀ àmọ́ òun á máa gbilẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Òun fẹ́ afẹ́fẹ́, ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ wá sókè, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ojú omi la ti ń bù ú, ẹ má mi igò yẹn o, ẹ má sì ki nǹkan bọ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Látibẹ̀ ó kọjá sórí pléètì TCBS, ágà tí wọ́n dìídì ṣe fún Vibrio. Vibrio cholerae máa ń jẹ ṣúgà sucrose inú ẹ̀, á sọ ọ́ di ásíìdì, ojú ibẹ̀ á wá pọ́n bí ìyeyè, nígbà tí Vibrio parahaemolyticus, ẹbí ẹ̀ tó ń gbé inú omi iyọ̀, kì í jẹ ṣúgà yẹn, á ṣe àwọ̀ ewé.

Ibí yìí ni mo ti ṣìnà nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo rí èyí tó pọ́n, mo fi igi mú un lójú ẹsẹ̀, mo fi kan pépà oxidase tó yẹ kó di elésè àlùkò tó bá jẹ́ Vibrio cholerae, kò yí padà, mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé kì í ṣe Vibrio. Ọ̀gá mi bi mí pé orí pléètì wo lo ti mú un. TCBS, mo ní. Ó rẹ́rìn-ín. Ásíìdì tí ṣúgà yẹn di ló ń ba tẹ́ẹ̀sì yẹn jẹ́, àfi kéèyàn kọ́kọ́ tún un gbìn sórí ágà tí ò ní ṣúgà. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó ka mẹ́wàá, pépà ti di àlùkò.

Tẹ́ẹ̀sì tí mo fẹ́ràn jù fún un ni ti okùn. Ẹ kán deoxycholate, kẹ́míkà kan tó ń tú ara bakitéríà, sórí sláìdì, ẹ po bakitéríà náà mọ́ ọn, ara ẹ̀ á bẹ́, DNA ẹ̀ á tú jáde, tẹ́ ẹ bá wá fa igi yín sókè, okùn tín-ín-rín kan á máa tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá fi antisera, omi tó ní èròjà tó ń dá ẹ̀yà bakitéríà mọ̀, wò ó bóyá ẹ̀yà O1 ni àbí O139, torí àwọn méjì yẹn ló ń dá àjàkálẹ̀ kọ́lẹ́rà sílẹ̀.

Helicobacter ò pẹ́ ṣàlàyé. Awọ inú àpò oúnjẹ tí dókítà fi ẹ̀rọ já la máa ń yẹ̀ wò. Ó ní urease, ẹ́ńsáìmù tó ń tú urea, tó pọ̀ gan-an, tẹ́ ẹ bá sọ awọ yẹn sínú jẹ́lì tó ní urea, ammonia á jáde, àwọ̀ á yí padà. Ní Perth nílẹ̀ Australia, dókítà méjì, Robin Warren àti Barry Marshall, ń gbìn ín tí kò hù, títí di àsìkò Àjíǹde 1982 tí ìsinmi jẹ́ kí pléètì wọn wà nínú ìnkúbétọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà yẹn ló hù.

Ẹ̀rọ PCR tó ń wá DNA bakitéríà, àti MALDI-TOF tó ń fi prótíìnì ẹ̀ dá a mọ̀, ti wà báyìí, wọ́n ń yára dárúkọ, àmọ́ PCR ò ní fún yín ní bakitéríà ààyè tẹ́ ẹ lè fi dán oògùn wò. A ṣì ń gbìn ín. Ẹ má sì fi pléètì Campylobacter sílẹ̀ sórí tábìlì o, tó bá ti gba afẹ́fẹ́ ọjọ́ méjì, tẹ́ ẹ tún fi aró kùn ún, bọ́ọ̀lù róbótó róbótó lẹ máa rí, kọ́mà yẹn ti pòórá.